Ọjọ́ Tí Àká Jó ní Ìsàlẹ̀ Àbàtà

Nígbà tí ẹyẹ irin kẹta já lu òrùlé Àká, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Àbàtà pàtẹ́wọ́.

Fẹ̀hìntọlá gbọ́ àtẹ́wọ́ náà láti inú ilé ìṣọ́ omi lórí òkè, ó kọ́kọ́ rò pé òjò ló dé. Ó jáde wò ó. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Gbogbo ìlú ló ti gun òkè wá, tọmọdé tàgbà, wọ́n kọjú sí àfonífojì níbi tí ilé ńlá tí kò ní fèrèsé náà ti ń rú èéfín dúdú. Àwọn kan gbé àpótí ìjókòó dání. Obìnrin kan ti tẹ́ aṣọ sórí koríko gbígbẹ, ó ń bó ẹ̀pà fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń wòran.

Ìlẹ̀kẹ̀ oníná tó wà lọ́rùn ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti dè é mọ́ ọn lọ́wọ́, kò kú rí. Ó wo ọwọ́ àwọn tó dúró nítòsí: gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ló ti ṣókùnkùn. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń mọ orúkọ ẹni, òun ni wọ́n fi ń gba oògùn, òun ni wọ́n fi ń bu omi, òun ni wọ́n fi ń dìbò. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀rọ ìrántí tó kún Àká ni gbogbo rẹ̀ wà, Àká sì ń jó. Ọkùnrin kan na apá rẹ̀ sókè, ó ń fi ọwọ́ han gbogbo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín sọ.

Ogun náà kì í ṣe ogun tiwọn. Orílẹ̀-èdè méjì ní òkè òkun ló ń jà á, ó ti wọ ọdún kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló lọ fi ọpọlọ tó fi ń darí ohun ìjà rẹ̀ pamọ́ sínú Àká, sáàárín orúkọ àti ilẹ̀ àti ìwé ìwòsàn àwọn ará ìlú, bí ẹni fi ìbọn pamọ́ sínú àpò ẹ̀wà. Èkejì gbọ́, ó rán ẹyẹ irin wá.

Bàbá Ọ̀ṣúnlékè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó tẹ ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀ láti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá náà ti kú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà nínú Àká, a máa kí bàbá, a sì máa bi í bóyá ó ti jẹun. Bàbá tẹ ìlẹ̀kẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó wo àfonífojì. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń wò ó bi í bóyá màmá ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni, àwọn tó gbọ́ sì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di ìhà mú.

Kò sí ẹni tó lè bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kórìíra Àká. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sùn, ó máa ń gbóná tọ̀sán-tòru, omi odò Àjíwẹ̀ ló sì ń tù ú lára. Òfin pín odò náà sí mẹ́ta: ìdá méjì fún Àká, ìdá kan fún ìlú. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, àṣẹ dé sórí ìlẹ̀kẹ̀ pé kí Aṣọ́mi yí ìdá kan yòókù náà sí Àká. Fẹ̀hìntọlá ni Aṣọ́mi. Ó di kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń darí omi mú, ó yí i. Ogójì ọjọ́ ó lé méjì ni ẹ̀rọ omi ìlú fi gbẹ. Ọmọdé mọ́kànlá ló kú. Mopélọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Fẹ̀hìntọlá bí, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, itọ́ ni ìyá rẹ̀ fi ń pa á létè.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Mopé mọ́. Aṣọ́mi ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe ẹran ọ̀sìn.

Ó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀rọ ìpè ara ògiri dún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, wáyà tirẹ̀ lọ tààrà sí yàrá ìsàlẹ̀ nínú Àká, kò nílò ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Kò sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Bí ìhà kan bá ti pe èkejì, wọn yóò máa gbọ́ ara wọn ni.

“Aṣọ́mi,” ni ohùn náà wí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí omi sọ́dọ̀ wa. Gbádébọ̀ ni.”

Ó mọ̀ ọ́n. Páìpù ni Gbádébọ̀ ń tún ṣe nínú Àká, òun nìkan sì ni ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Àbàtà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn abúlé òkè odò ni àwọn yòókù ti wá. Ó sọ fún un pé àwọn mẹ́tàlélógún ni àwọn wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn agbálẹ̀ àti àwọn alásè. Àwọn Aláàká fúnra wọn ti bá bàálù lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí iná ṣẹ́ yọ, ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ pa, kò sì ní ṣí títí ooru yóò fi rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí atẹ́gùn má baà ran iná lọ́wọ́ láti ba àwọn ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan tó ń rọ omi bí òjò wà nínú àjà yàrá náà, láti ara odò ló ti ń gba omi. Bí omi bá lè dé fún ààbọ̀ wákàtí, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Fẹ̀hìntọlá bi í bí ooru ṣe rí.

“Ilẹ̀ ń jó wa lẹ́sẹ̀,” ni ó wí. “A ti gbé àwọn obìnrin sórí tábìlì.”

Ó gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ irin náà. Ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Alága Fájẹ́misìn, olórí Ìgbìmọ̀ Omi, àwọn èrò sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Olùkọ́ ni Alága tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kó lọ sókè rí. Ó ṣí fìlà, ó tẹríba díẹ̀.

“Ìyá Mopé,” ni ó wí, “ẹ kú iṣẹ́.”

Ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá dẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò ti gbọ́ orúkọ yẹn.

Alága bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ó mọ ibi tí omi adágún tí wọ́n sé odò sí dúró dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Òótọ́ ni. Omi ti wá sílẹ̀ dé àmì kẹta, òjò sì ku oṣù méjì. Bí Àká bá mu ún fún ààbọ̀ wákàtí, ẹrẹ̀ ni ìlú yóò máa mu títí òjò yóò fi dé. Ó rán an létí òfin pẹ̀lú: bí Àká bá dákẹ́, ìlú ló ni kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá yí i lòdì sí ìbò ìlú, omi ìlú di èèwọ̀ fún un, kò sì gbọdọ̀ sí ilé tí yóò fún un ní ife kan títí tí yóò fi kú. Kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní bí ó bá ṣí omi sí ìlú lónìí, gbogbo ohun tó ti kọjá ti kọjá. Yóò tún di ọmọ ilé lójú gbogbo wọn.

“Ènìyàn mẹ́tàlélógún ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ̀yin Alága,” ni Fẹ̀hìntọlá wí. “Ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe Àká.”

“Àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn ńkọ́?” ni Alága dáhùn. “Kí ni wọ́n?”

Fẹ̀hìntọlá yíjú sí kẹ̀kẹ́ náà.

Àwọn èrò ti rí i pé ẹ̀rọ ìpè ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tì wọlé, wọ́n yí i ká. Wúlẹ̀mọ́tù aránṣọ, tí ọmọ tirẹ̀ kú ní ọjọ́ kejì sí ti Mopélọ́lá, ló kọ́kọ́ gbẹ́nu lé e. Ohùn kan láti abẹ́ ilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Ó jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán.

“Ẹ mu òógùn yín,” ni ó wí. “Òun làwa náà mu.”

Ọkùnrin alágbẹ̀dẹ kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà kí wọn. Ó sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé òórùn ẹran sísun ti ń dé orí òkè, ó sì béèrè èwo nínú wọn ló sanra jù. Inú yàrá náà dún fún ẹ̀rín. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sókè kí wọ́n lè rí ẹ̀rọ náà. Láti ìsàlẹ̀, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ẹni tí wọn yóò kó wọn fún. Ẹnìkan lórí òkè ń tún orúkọ náà pè tẹ̀lé e, ó ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, títí ohùn obìnrin náà fi dákẹ́.

Alága ní kí wọ́n dìbò. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀ nínú ìkọ̀kọ̀ mọ́, ọwọ́ ni wọn yóò nà sókè, kí ojú ó rí ojú. Fẹ̀hìntọlá rò pé èyí yóò gba àwọn tó wà nísàlẹ̀ là. Ó rò pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè wo aládùúgbò rẹ̀ lójú kó sì na ọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Alága béèrè àwọn tó fẹ́ kí omi wá sí ìlú, kí wọ́n sì jẹ́ kí Àká jó. Ọwọ́ hù sókè bí igbó. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń mi orí sí ara wọn, bí àwọn tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ọlọ́mọ tuntun.

Alága ka ọwọ́ náà sókè ketekete láti inú yàrá dé orí koríko níta. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ Aṣọ́mi rárá, wọ́n sì fo Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, wọ́n ní orí rẹ̀ ti bá Àká lọ. Nígbà tí ó ka igba ó lé márùn-ún, ó dúró. Ọwọ́ ẹnìkan kò tíì gòkè.

Ìyá Gbádébọ̀ ni. Ó fara ti òpó lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tín-ínrín tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ilé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú Àká máa ń gba kẹ́ẹ̀gì omi kan lé lọ́sẹ̀, nítorí kẹ́ẹ̀gì náà sì ni àwọn aládùúgbò ti já ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Gbádébọ̀ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan di ìró rẹ̀ mú. Èkejì wà léjìká alágbẹ̀dẹ tó sọ̀rọ̀ ẹran sísun. Ó ti gbé e sókè pé kó lè ríran dáadáa, ó sì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú ṣinṣin.

Alága kò bínú. Kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé òun kò sí níbẹ̀ ni.

“Màmá,” ni ó wí, “a ń dúró dè yín.”

Ìyá náà wo ojú Alága. Ó wo ẹ̀rọ ìpè. Ó wo ọmọ tó wà léjìká ọkùnrin náà. Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì rọra mi ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìyá Gbádébọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Kò ga, kò ju etí rẹ̀ lọ.

“Igba ó lé mẹ́fà,” ni Alága wí. “Ó pé.”

Fẹ̀hìntọlá ti rí ojú ìyá náà. Òun náà ti ní irú ojú yẹn rí, ní ọjọ́ tó yí kẹ̀kẹ́ náà lórí ọmọ ara rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kọ́, òfin ni. Kò sì sí alẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kó sùn gbádùn. Òfin tún ti dé. Ẹnu mìíràn ló gbà wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló tún fẹ́ lò.

Alága sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n jáde lọ dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi, omi ń bọ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n ń jáde, wọ́n ń pe ara wọn fún garawa. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn kọjá, Fẹ̀hìntọlá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lẹ́yìn, ó fi ọ̀pá irin há a. Ó padà sídìí kẹ̀kẹ́, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tì í, ó yí omi sí Àká.

Ó gbọ́ bí páìpù ńlá náà ṣe kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ̀rọ ìpè gbé ohùn kan jáde bí ìgbà tí wọ́n da omi sínú agbada òróró gbígbóná. Ariwo sọ láti ìsàlẹ̀. Kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá igbe ayọ̀ ni tàbí igbe oró. Ìgbà tí ó yé e, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri kó má baà gbọ́, kò sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Omi àkọ́kọ́ tó dé bá ooru yẹn ti hó di oru gbígbóná, ó sì ti bọ àwọn tó dúró lábẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dá omi náà dúró nísinsìnyí, iná yóò pa gbogbo wọn. Bí òun bá jẹ́ kó máa lọ, àwọn tó bá fara dà á yóò yè. Ó jẹ́ kó máa lọ. Ó ń wo aago ara ògiri.

Ìṣẹ́jú méjìlá ni ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́ náà gbà. Alágbẹ̀dẹ ló fi òòlù já a. Alága ló kọ́kọ́ wọlé, ó ní kí Aṣọ́mi jọ̀ọ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Kò tún pè é ní Ìyá Mopé mọ́. Ó ní ìgbà kejì, ó ní ìgbà kẹta. Lẹ́yìn náà ó mi orí sí Wúlẹ̀mọ́tù. Wúlẹ̀mọ́tù gbé ọ̀pá irin tó há ilẹ̀kùn, ó fi lu ìka Fẹ̀hìntọlá lórí kẹ̀kẹ́ náà. Mẹ́ta ló ṣẹ́ ní ọwọ́ òsì kí ó tó jù ú sílẹ̀. Wọ́n yí omi padà. Níta, àwọn ènìyàn tó ń dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi hó yè.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ilẹ̀kùn Àká ti ṣí. Omi ìṣẹ́jú méjìlá kò tó mú ooru rọlẹ̀ ní kíá, ṣùgbọ́n ó mú un rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ló jáde. Àwọn mẹ́rìnlá kò jáde.

Wọ́n tẹ́ àwọn mẹ́sàn-án náà sábẹ́ igi kajú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ya Fẹ̀hìntọlá lẹ́nu ju ti òwúrọ̀ lọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Àbàtà wá. Wọ́n gbé ẹní wá, wọ́n gbé aṣọ fífọ̀ àti òrí wá, wọ́n gbé omi tútù wá nínú ife. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń bú àwọn tó rán ẹyẹ irin, wọ́n ní ìkà ni wọ́n. Wọ́n ń kí àwọn tó jóná pé ẹ kú ewu, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹ̀tàn lójú wọn. Ó dà bí ẹni pé àwọn mìíràn ló gun òkè ní àárọ̀.

Gbádébọ̀ ló wà ní ìkángun, wọ́n ti fi aṣọ di ojú rẹ̀ méjèèjì. Oru omi gbígbóná náà ló fọ́ ojú yẹn. Wúlẹ̀mọ́tù kúnlẹ̀ tì í, ó bu òrí sọ́wọ́, ó ní, “Ẹ kú ewu, ọmọ mi.”

Gbádébọ̀ yí etí sí ohùn náà, bí ẹni ń wá ibi tó gbé nǹkan sí.

“Ẹ ní kí n mu òógùn mi,” ni ó wí.

Wúlẹ̀mọ́tù dìde. Alágbẹ̀dẹ tó gbé ẹní dé lẹ́yìn rẹ̀ kí i, Gbádébọ̀ sì sọ fún un pé òun kọ́ ló sanra jù, alásè ni, ó sì ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ya ẹnu. Nígbà tó di ẹni karùn-ún, wọn kò kí i mọ́. Wọ́n ń wá láìfọhùn, wọn a rọra gbé ohun tí wọ́n mú wá sílẹ̀, wọn a sì yọ́ padà lọ.

Alága wá bá Fẹ̀hìntọlá níbi tó jókòó sí nítòsí, tí ó ti fi gèlè di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ àyà. Alága fi ọ̀bẹ gé ìlẹ̀kẹ̀ tó ti kú náà kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ka òfin fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ kó ti kọjá ààlà ìlú. Fẹ̀hìntọlá béèrè bóyá òun lè mu omi kan kóun tó lọ. Alága ní ó dun òun, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti yí kẹ̀kẹ́ ni òfin ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀. Abẹ́ igi kajú ni ọ̀nà gbà. Bí ó ti ń kọjá, ó kí àwọn tó sùn síbẹ̀ pé ẹ pẹ̀lẹ́, Gbádébọ̀ sì gbé orí sókè.

“Aṣọ́mi nìyẹn,” ni ó wí. “Ẹ dákun, ẹ dúró.”

Ìyá Gbádébọ̀ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ife omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ti sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Alága dúró síbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń wo bí òfin yóò ṣe ṣẹ.

“Mo gbọ́ gbogbo wọn,” ni Gbádébọ̀ wí. “Mo gbọ́ kíkà ọwọ́. Ẹnìkan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gòkè, tí Alága ní, ‘Màmá, a ń dúró dè yín.’ Lẹ́yìn náà ni ó ní ó pé. Ta ni màmá yẹn?”

Kò yíjú sí ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ó yíjú kúrò níbẹ̀ pátápátá, ó sì di aṣọ tó fi bora mú ní ọwọ́ méjèèjì. Fẹ̀hìntọlá rí i pé ó mọ ẹni tí kò fẹ́ kó jẹ́.

Ó wo Ìyá Gbádébọ̀. Ìyá náà kò gbójú sókè.

“Èmi ni,” ni Fẹ̀hìntọlá wí.

“Ẹ̀yin?”

“Ìyá Mopé ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀. Èmi ni Alága dúró dè. Mo na ọwọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n jáde ni mo tó yí ọkàn padà.”

Alága gbọ́ ọ, kò sọ ohunkóhun. Kò sí òfin tó ní kó sọ̀rọ̀.

Gbádébọ̀ tú èémí jáde. Ara rẹ̀ dẹ̀ lórí ẹní náà, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi dì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Ó ní bí ó bá yí omi náà ní kété tí òun pè é, kó tó dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kó tó na ọwọ́ kankan, ààbọ̀ wákàtí ì bá pé. Ilẹ̀kùn ì bá ti ṣí. Ojú òun ì bá wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rìnlá ì bá wà níbẹ̀.

“Ẹ máa lọ,” ni ó wí. “Ibi tí ẹ bá dé, òùngbẹ ni yóò pa yín.”

Fẹ̀hìntọlá ní ó gbọ́. Kò kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan. Ife tó wà lọ́wọ́ ìyá náà ni ojú rẹ̀ lọ sí láìmọ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Láti àárọ̀ kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, àwọn abúlé òkè odò tí ó fẹ́ forí lé sì jìnnà ní ìrìn ọjọ́ kan.

Ìyá Gbádébọ̀ gbójú sókè nígbà náà. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ìyá náà wo Alága tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ tó sùn, ó tún wo ife náà. Ó yíjú kúrò. Ó fi ọwọ́ òsì gbé orí ọmọ rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi náà sí i lẹ́nu, ó sì ní kó rọra mu ún, kó mu ún tán.